Bí Dókítà Eyín Ṣe Ń Mọ Ẹni Tí Eyín Rẹ̀ Lè Jẹrà, Kó Tó Jẹrà

Ọ̀pọ̀ èèyàn ní Ẹdẹ àti agbègbè rẹ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ dókítà eyín àfi tí eyín bá ti ń dùn wọ́n lóru tí wọn ò lè sùn. Tí wọ́n bá sì débẹ̀, ohun tó wà lọ́kàn wọn ni pé kí dókítà ya ẹnu àwọn wò, kó fa eyín tó ń yọ wọ́n lẹ́nu jáde, kí kálukú máa lọ sílé. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń ya ẹlòmíì lẹ́nu tí dókítà bá kọ́kọ́ jókòó tì í, tó ń da ìbéèrè bò ó. Kí lẹ mu láàárọ̀ yìí? Ṣé ẹ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru? Ìgbà wo lẹ yọ eyín kẹ́yìn? Ọmọ yín ńkọ́, ṣé ó máa ń fi ìgò oúnjẹ sẹ́nu sùn? Àwọn míì á máa rò ó nínú pé ṣé àgọ́ ọlọ́pàá làwọn wà ni.

Àwọn ìbéèrè yẹn níṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Wọ́n wà lára ohun tí àwọn oníṣègùn ń pè ní àyẹ̀wò ewu eyín jíjẹrà. Kì í ṣe eyín tó ti lu nìkan ni wọ́n ń wá. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni pé, láàárín ọdún kan sí méjì tó ń bọ̀, ṣé eyín míì máa lu lẹ́nu ẹni yìí? Èèyàn méjì lè jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà nílé ìwòsàn, kí eyín má dun ìkankan nínú wọn, síbẹ̀ kí dókítà ní kí ọ̀kan padà wá lẹ́yìn ọdún kan, kó sì fún èkejì ní oṣù mẹ́ta péré.

Kòkòrò wo ló ń jẹ eyín?

Orúkọ tí Yorùbá ń pe àìsàn yìí, kòkòrò eyín, ti kó bá ọ̀pọ̀ èèyàn. Nítorí orúkọ yẹn làwọn kan ṣe gbà pé kòkòrò gidi, tó lórí tó nírù, ló wà nínú ihò eyín, ibẹ̀ sì làwọn kan tó ń kiri oògùn láàárín ọjà ti ń rówó gbà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n á fín èéfín sẹ́nu oníbàárà, wọ́n á da omi oògùn sí i, tó bá yá, wọ́n á fi ohun funfun tín-ín-rín kan hàn án pé kòkòrò ọ̀hún ti jáde. Kò sí irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ nínú eyín ẹnikẹ́ni. Ìrora lè dínkù lọ́jọ́ náà o, ṣùgbọ́n ihò ò ní dí.

Àmọ́ orúkọ náà ò kúkú jìnnà sí òótọ́ pátápátá. Ní 1890, Willoughby Miller, dókítà eyín ọmọ Amẹ́ríkà tó ń ṣiṣẹ́ ní Berlin lórílẹ̀-èdè Jámánì, gbé ìwé kan jáde tó fi ṣàlàyé pé àwọn kòkòrò tí ojú lásán ò lè rí, tí wọ́n ń gbé lẹ́nu gbogbo èèyàn, ló ń sọ ṣúgà àti oúnjẹ oníyẹ̀fun di omi kíkan, omi kíkan yìí ló sì ń yọ́ ara eyín. Ní 1924, J. Kilian Clarke rí ọ̀kan lára àwọn kòkòrò náà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì sọ ọ́ ní Streptococcus mutans. Lónìí, wọ́n ti mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan ló ń ṣiṣẹ́ náà. Oríṣiríṣi ni wọ́n, wọ́n sì wà lẹ́nu ẹni tí eyín rẹ̀ dá ṣáká pàápàá. Nítorí náà, pé kòkòrò wà lẹ́nu kọ́ ni dókítà ń wò. Ohun tí èèyàn fi ń bọ́ kòkòrò náà, àti iye ìgbà tó ń bọ́ ọ lójúmọ́, ló ń sọ bí ewu ṣe pọ̀ tó.

Iye ìgbà lágbára ju ìwọ̀n lọ

Ní bíi 1940 sí 1944, Robert Stephan ní Amẹ́ríkà wọn bí ẹnu ṣe ń kan lẹ́yìn tí èèyàn bá fi omi ṣúgà yọ ẹnu. Òǹkà tí wọ́n ń pè ní pH ló lò. Omi lásán wà ní 7. Bí òǹkà náà bá ṣe ń wálẹ̀ ni nǹkan ṣe ń kan sí i. Ó rí i pé ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó kí ẹnu kan, ṣùgbọ́n ó lè gbà tó ààbọ̀ wákàtí sí wákàtí kan kó tó padà sí bó ṣe wà. Tí òǹkà bá ti wálẹ̀ dé nǹkan bíi 5.5, ara eyín á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ díẹ̀díẹ̀. Itọ́ ló ń ṣan kíkan náà dànù, òun náà ló sì ń dá èròjà tí eyín pàdánù padà sára rẹ̀. Ìjà yìí ń lọ lẹ́nu gbogbo wa lójoojúmọ́.

Ká ní ìyá kan tó ń tajà ní Ọjà Tìmì ra ìgò míníràlì kan láago mẹ́wàá àárọ̀, tó ń mu ún díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń dá oníbàárà lóhùn, títí tó fi di aago méjì ọ̀sán. Bíríkìlà kan náà ra irú ìgò yẹn, àmọ́ ó gbé e mu tán pẹ̀lú ẹ̀bà tó jẹ lọ́sàn-án. Ṣúgà tí àwọn méjèèjì mu dọ́gba. Ẹnu bíríkìlà kan fún bíi wákàtí kan, itọ́ sì tún un ṣe. Ẹnu ìyá yẹn ò rí àyè sinmi fún wákàtí mẹ́rin gbáko. Tí dókítà bá béèrè pé "báwo lẹ ṣe ń mu ún?", ohun tó ń wá nìyẹn.

Ẹ̀rí tó lókìkí jù lórí ọ̀rọ̀ yìí wá láti Sweden, ní ilé ìtọ́jú kan tó ń jẹ́ Vipeholm. Wọ́n ń fún àwọn tí làákàyè wọn ò pé níbẹ̀ ní ṣúgà lóríṣiríṣi ọ̀nà, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1954. Eyín àwọn tó jẹ súìtì tó ń lẹ̀ mọ́ eyín láàárín oúnjẹ kan sí èkejì ló bàjẹ́ jù, ju ti àwọn tó jẹ ṣúgà pẹ̀lú oúnjẹ lọ. Ìmọ̀ ńlá ni wọ́n rí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ara àwọn tí kò lè sọ pé àwọn ò fẹ́ ni wọ́n ti rí i. Irú rẹ̀ ò yẹ kó tún wáyé mọ́.

Nílé wa níbí, ohun tó yẹ kí èèyàn sọ fún dókítà ju súìtì àti bisikíìtì lọ. Gààrí tí wọ́n da ṣúgà sí, tí èèyàn ń mu lọ́sàn-án tó tún ń mu lálẹ́, wà níbẹ̀. Ògì ọmọ tó dùn yùngbà wà níbẹ̀, tíì wà níbẹ̀, zobo inú ọ̀rá náà wà níbẹ̀. Obì ní tirẹ̀, àbàwọ́n ló ń fi sára eyín. Eyín tó dúdú nítorí obì kì í ṣe eyín tó ti jẹrà, kò sì yẹ kẹ́nikẹ́ni fi ìyẹn dẹ́rù ba àgbàlagbà. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2015 pé kí ṣúgà tí wọ́n fi sí oúnjẹ má kọjá ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí èèyàn ń rí látinú oúnjẹ rẹ̀ lójúmọ́, àti pé tó bá lè wà lábẹ́ 5, á tún dáa sí i. Fún àgbàlagbà, ìdá 5 yẹn ò ju bíi ṣíbí tíì mẹ́fà lọ fún odindi ọjọ́ kan.

Ìbéèrè dókítà àti ìdí tó fi ń béèrè

Èyí tó wúwo jù nínú wọn ni: láàárín ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ṣé eyín kan lu, ṣé wọ́n dí eyín kan, àbí wọ́n yọ ọ́ nítorí pé ó jẹrà? Gbogbo ìlànà àyẹ̀wò tí wọ́n ń lò káàkiri ayé ló gbé ìbéèrè yìí sókè, nítorí kò sí àmì míì tó ń sọ ohun tó ń bọ̀ bíi rẹ̀. Ẹni tó yọ eyín kan lọ́dún tó kọjá, tó sì rò pé wàhálà ti tán, ni dókítà máa kà sí ẹni tí ewu rẹ̀ ga. Eyín ti lọ, àmọ́ ohun tó bà á jẹ́ ṣì wà lẹ́nu.

Lẹ́yìn náà ló kan oògùn. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan, oògùn ara yíyún àti ikọ́ kan, àti ọ̀pọ̀ oògùn àìsàn ọpọlọ máa ń mú kí itọ́ dínkù. Àtọ̀gbẹ tí wọn ò kápá náà lè mú kí ẹnu gbẹ, bẹ́ẹ̀ ni ìtọ́jú jẹjẹrẹ tí wọ́n fi iná ìtànṣán ṣe ní orí tàbí ọrùn. Ìyá àgbà tó ń rojọ́ pé òun ò lè gbé búrẹ́dì mì láìmu omi, ó ń sọ nǹkan pàtàkì fún dókítà láìmọ̀. Kì í ṣe pé kí ẹnikẹ́ni lọ dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró fúnra rẹ̀ o! Kó dárúkọ gbogbo oògùn tó ń lò ni, títí kan àgbo.

Dókítà á tún béèrè nípa ọṣẹ ìfọyín. Omi kànga àti omi ẹ̀rọ tí àwọn èèyàn gbẹ́ sílé ló pọ̀ ládùúgbò, kò sì sẹ́ni tó ń fi fluoride, èròjà tó ń mú ara eyín le, sí omi kànga. Ọṣẹ ìfọyín ló ku tí ọ̀pọ̀ ìdílé lè gbára lé. Ẹ̀yìn páálí rẹ̀ ni kí ẹ wò: èyí tó bá ní láti 1,000 sí 1,500 ppm ló dáa. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, èyí tó tó hóró ìrẹsì kan ti tó o. Láti ọdún mẹ́ta sí mẹ́fà, bíi hóró ẹ̀wà kékeré kan. Kó tu ìfófòó rẹ̀ dànù, kó má sì wá fi omi púpọ̀ yọ ẹnu lẹ́yìn rẹ̀, torí omi yẹn ló ń gbé fluoride lọ.

Àwọn tó ń lo pákò ńkọ́? Dókítà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í bá àgbàlagbà jà lórí pákò. Láti 1971 ni Abayomi Sofowora àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti tẹ ìwádìí jáde pé omi inú àwọn orín tí Yorùbá ń jẹ lágbára lórí kòkòrò àìfojúrí, Àjọ Ìlera Àgbáyé náà sì ti fọwọ́ sí i kí àwọn tó mọ̀ ọ́n lò máa lò ó. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀ ni pé ẹ̀yìn eyín àti àárín eyín kan sí èkejì ṣòro fún pákò láti dé, kò sì sí fluoride inú ọṣẹ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ń jẹ orín láàárọ̀, tó sì ń fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ fọ eyín kó tó sùn, kò sí ohun tó sọnù fún un. Lásìkò àwẹ̀ Ramadan, ẹ̀yìn sààrì ló yẹ kí fífọ eyín bọ́ sí, kì í ṣe kí wọ́n tó jẹun. Tí dàbínù àti ohun mímu dídùn bá sì ti wọlé nígbà ìṣínu, kí wọ́n má máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí di òru.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé, àti ìwádìí Ilé-Ifẹ̀

Ọ̀rọ̀ ọmọdé gba kí èèyàn dúró lórí rẹ̀ dáadáa. "Ṣebí ọmọ máa ká eyín yẹn" ni ọ̀pọ̀ òbí máa ń sọ. Lóòótọ́ ló máa ká a, ṣùgbọ́n eyín ẹ̀yìn tí ọmọ ọdún méjì hù lè wà lẹ́nu rẹ̀ títí di ọdún mẹ́wàá tàbí méjìlá. Ọdún mẹ́wàá gùn púpọ̀ fún ọmọ láti máa fi eyín tó ń dùn ún jẹun. Bó bá sì tètè sọ ọ́ nù, àwọn tó kù lè sún dí àyè eyín àgbà tó ń bọ̀.

Ní 2015, Morenike Folayan, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa eyín àwọn ọmọdé ní Yunifásítì Obafemi Awolowo, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ èsì ìwádìí tí wọ́n ṣe nílé-ilé ní Ilé-Ifẹ̀ jáde. Láàárín àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà, ìdá 6.6 nínú ọgọ́rùn-ún ni eyín wọn ti jẹrà. Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè ní kò pọ̀, òótọ́ sì ni: nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ, bíi méje péré ni. Àmọ́ ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ àyẹ̀wò ewu ti bẹ̀rẹ̀. Dókítà eyín ò pọ̀ ní Nàìjíríà, wọn ò lè máa fi òróró fluoride kun eyín gbogbo ọmọ ní gbogbo oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé: nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ, àwọn wo ni méje yẹn? Bí wọ́n bá tètè dá wọn mọ̀, àwọn mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún tó kù ò nílò wàhálà púpọ̀.

Ìbéèrè nípa ìgò ń ṣèrànwọ́ láti dá wọn mọ̀. Itọ́ máa ń dínkù tí èèyàn bá ń sùn, nítorí náà ògì tàbí mílíìkì oníṣúgà tó wà lẹ́nu ọmọ lóru ń ṣe ju tọ̀sán lọ. Oògùn olómi dídùn tí ọmọ tó ń ṣàìsàn léraléra ń mu wà lára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni eyín ìyá fúnra rẹ̀: kòkòrò inú ẹnu ń tara ìyá dé ara ọmọ, ọ̀nà tí ìyá ń gbà jẹun ni ọmọ sì ń kọ́. Kó má ya ìyá lẹ́nu tí dókítà bá ní kó la ẹnu tiẹ̀ náà.

Ohun tí ojú ń wá

Lẹ́yìn ìbéèrè ni iná àti dígí kékeré. Dókítà á nu eyín, á fẹ́ atẹ́gùn sí i kó gbẹ, nítorí àmì àkọ́kọ́ kì í hàn lára eyín tó tutù. Àmì náà funfun bí ẹfun, kò ní dídán, ẹ̀bá ẹran ìdí eyín ló sì sábà máa ń wà. Kò ní ihò, kì í dunni. Ìpele tó dáa jù láti rí i nìyí, torí eyín ṣì lè gba èròjà rẹ̀ padà tí wọ́n bá fún un ní fluoride tí wọ́n sì dín ṣúgà kù. Tó bá ti lu, kò lè dí fúnra rẹ̀ mọ́.

Dókítà á tún wo ìdọ̀tí rírọ̀ tó lẹ̀ mọ́ eyín, kòtò tó jìn lórí eyín ńlá tí èèyàn fi ń rún oúnjẹ, wáyà tí wọ́n fi ń to eyín, àti gbòǹgbò eyín àgbàlagbà tí ẹran ti sún kúrò lára rẹ̀, nítorí gbòǹgbò ò le tó orí eyín. Tó bá pọn dandan, wọ́n á ya X-ray fún àárín eyín tí ojú ò lè dé. Níbi tí irinṣẹ́ wà, wọ́n lè ní kí èèyàn rún ìda fún ìṣẹ́jú márùn-ún kó máa tu itọ́ sínú ife. Tí itọ́ náà ò bá tó 0.7 mililítà ní ìṣẹ́jú kan, ó kéré.

Gbígbé e sórí ìwọ̀n

Ní 2003, John Featherstone àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní California gbé ìlànà kan tó ń jẹ́ CAMBRA jáde. Ìwọ̀n ọlọ́wọ́ méjì ni wọ́n fi ṣàpèjúwe rẹ̀: ohun tó ń ba eyín jẹ́ wà lápá kan, ohun tó ń dáàbò bò ó wà lápá kejì, dókítà á wá wo ibi tó tẹ̀ sí. Ṣáájú ìgbà yẹn, Douglas Bratthall ní Malmö, lórílẹ̀-èdè Sweden, ti ṣe ètò kọ̀ǹpútà kan tó pè ní Cariogram, tó ń ya òbírí aláwọ̀ márùn-ún. Àwọ̀ ewé inú rẹ̀ ni àǹfààní tí èèyàn ní láti má ṣe ní ihò tuntun. Bí ewé bá kéré, ewu pọ̀. Ọmọdé pàápàá lè wò ó kó yé e.

Dókítà ò nílò kọ̀ǹpútà kó tó lè ṣe é ṣá. Bébà kan àti ìbéèrè tó péye ti tó láti pín àwọn èèyàn sí ewu kékeré, ewu àárín àti ewu ńlá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlànà tí àjọ NICE gbé jáde ní 2004 fi hàn pé àgbàlagbà tí ewu rẹ̀ kéré lè lo tó ọdún méjì kó tó padà wá, àkókò tó kúrú jù tí wọ́n lè fún ẹni tí ewu rẹ̀ ga ni oṣù mẹ́ta, àwọn tí kò tíì pé ọdún 18 ò sì gbọdọ̀ kọjá ọdún kan. Ẹni tí ewu rẹ̀ ga ni wọ́n á fi òróró fluoride kun eyín rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún, tí wọ́n á dí kòtò eyín ńlá rẹ̀ kó tó lu. Oògùn kan tún wà, silver diamine fluoride, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi kún àwọn oògùn tó ṣe kókó ní 2021; ó lè dá ìjẹrà dúró láìlo ẹ̀rọ ìgbẹ́yín, àmọ́ ó ń sọ ojú ibẹ̀ di dúdú. Òbí ní láti gbọ́ ìyẹn ṣáájú.

Àyẹ̀wò yìí ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ihò àtijọ́ ló ń sọ tẹ́lẹ̀ jù, bẹ́ẹ̀, ọmọ tó ti ní ihò ti ṣe é pẹ́ díẹ̀. Ewu náà kì í dúró sójú kan: ẹni tí ewu rẹ̀ kéré lọ́dún yìí lè bẹ̀rẹ̀ oògùn tuntun, tàbí kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ alẹ́ tó ń fi míníràlì lé oorun lọ. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é lákọ̀tun ní gbogbo ìgbà tí èèyàn bá padà wá. Tí èèyàn bá sì purọ́ nítorí ìtìjú, pé òun kì í fi ṣúgà sí gààrí, èsì tó máa gbà kì í ṣe ti ẹnu tirẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe àyẹ̀wò náà lè béèrè ní ilé ìwòsàn ìjọba tó bá sún mọ́ ọn bóyá wọ́n ní ẹ̀ka eyín. Ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ní Ilé-Ifẹ̀ ní tirẹ̀. Kó kó gbogbo oògùn tó ń lò dání, kó sì kọ ohun tó jẹ àti ohun tó mu fún ọjọ́ mẹ́ta sílẹ̀, pẹ̀lú aago rẹ̀. Àmọ́ ẹni tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ bá ti wú, tí ibà mú, tí kò lè la ẹnu dáadáa tàbí tí kò lè gbé nǹkan mì, ti kọjá àyẹ̀wò ewu. Oyún inú eyín lè sọ̀ kalẹ̀ dé ọrùn kó dí ọ̀nà èémí. Kó gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà, lóru pàápàá.